Àwo Encore ti Ẹgbẹ́ The Specials: Ìpadàbọ̀ Ẹgbẹ́ Olórin Ska Lẹ́yìn Ọdún 38

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orin ní í ṣíwájú ọ̀tẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1981, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń bá ọlọ́pàá wọ̀yá ìjà, tí ilé ìtajà àti ọkọ̀ ń jó ní Liverpool, ní Birmingham àti ní àwọn àdúgbò kan nílùú London, orin tó wà ní ipò kìíní lórí àtẹ àwọn àwo tó ń tà jù lọ ní Ìlú Ọba ni "Ghost Town". Orin nípa ìlú tó ń di ahoro ni: iṣẹ́ kò sí, àwọn ilé ijó ti tì, ìjà kò sì jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ gbádùn ara wọn mọ́. Ẹgbẹ́ olórin ska tó ń jẹ́ The Specials, láti ìlú Coventry, ló kọ ọ́. Oṣù kẹfà ni àwo náà ti jáde. Kì í ṣe pé àwọn olórin náà jókòó ti ìròyìn kí wọ́n tó kọrin; ohun tí wọ́n ń rí láti ìlú dé ìlú bí wọ́n ti ń ṣeré kiri ni wọ́n fi kọrin, ọ̀tẹ̀ sì tẹ̀lé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni orin náà fi wà ní ipò yẹn. Kí ọdún náà tó parí, ẹgbẹ́ ti tú ká.

Ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2019 ni mẹ́ta lára àwọn tó kọ orin yẹn, Terry Hall, Lynval Golding àti Horace Panter, gbé àwo tuntun jáde lórúkọ ẹgbẹ́. Encore ni wọ́n pe àwo náà, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń pe orin tí òṣèré padà wá kọ nígbà tí àwọn òǹwòran bá ń pariwo pé eré kò tíì tó. Láàárín "Ghost Town" àti àwo yìí, bí ọdún 38 ni Hall kò fi kọ orin tuntun kankan sínú àwo pẹ̀lú The Specials.

Ìpadàbọ̀ irú èyí a máa mú ìfura dání. Ẹgbẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì a padà sórí ìtàgé, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ tí irun wọn ti funfun a ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọn a jọ kọ orin àtijọ́, oníkálukú a sì gba ilé rẹ̀ lọ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìrántí ni wọ́n ń tà. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé Encore ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ṣe é padà wá yẹ orin àtijọ́ wò, wọ́n gbé ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀ síta, wọ́n sì fún ẹlòmíràn láàyè láti dá a lóhùn. Èyí tó ọ̀rọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ alohùn, níbi tí orin kan kì í ti í dá wà láìní orin mìíràn tó ń bá wí.

Ska, Láti Jàmáíkà dé Coventry

Orin ska bẹ̀rẹ̀ ní erékùṣù Jàmáíkà ní ìparí àwọn ọdún 1950, ó sì gbilẹ̀ ní àsìkò tí orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1962. Àwọn olórin Kingston mú orin ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní mento, wọ́n pò ó mọ́ orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò àti ní òde ijó, níbi tí àwọn oníṣòwò máa ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńláńlá sí. Ohun tó sọ ọ́ di ska ni ibi tí gìtá àti dùùrù ń bọ́ sí nínú ìlù. Bí ènìyàn bá ń ka ìlù ní ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, gìtá kì í bá ìkà náà rìn. Àlàfo tó wà láàárín ìró kan àti èkejì ló máa ń há sí, á dún ṣáká, á sì dákẹ́. Ìdí nìyí tí ska fi máa ń ta ẹsẹ̀ oníjó sókè. Ní nǹkan bí ọdún 1966, ìlù náà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, wọ́n ń pè é ní rocksteady. Inú rẹ̀ ni reggae ti jáde kí àwọn ọdún 1960 tó parí.

Àwọn ará Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì gbé orin wọn dání. Coventry wà lára ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí. Bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì ti ba ìlú náà jẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 1940, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ mọ́tò sọ ọ́ di ìlú onílé ọlà lẹ́yìn ogun, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń wọ́ wá síbẹ̀ láti Jàmáíkà, láti Íńdíà, láti Ireland àti ibòmíràn. Nígbà tí iṣẹ́ mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í forí ṣánpọ́n ní àwọn ọdún 1970, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kan ń sọ fún àwọn aláwọ̀ funfun tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn pé àlejò ló gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Àwọn ọmọ àlejò náà rèé, ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń lọ.

Inú irú ìlú yìí ni Jerry Dammers, atẹdùùrù tí bàbá rẹ̀ jẹ́ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, ti kó ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ. Àwọn méje tí ayé mọ̀ ni Dammers fúnra rẹ̀. Hall tó ń lé orin. Neville Staple tó ń bá a lé e, tó sì ń ké sí àwọn oníjó. Golding àti Roddy Byers lórí gìtá. Panter lórí gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Àti John Bradbury onílù. Jàmáíkà ni wọ́n bí Golding àti Staple sí. Ní ọdún 1979 Dammers dá ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo jáde sílẹ̀, ó pè é ní 2 Tone, ó sì fi àwọ̀ dúdú àti funfun tí wọ́n tò bíi ti ọpọ́n díráàfù ṣe àmì rẹ̀. Àmì náà kò nílò ògbufọ̀. Lẹ́yìn àwo kékeré àkọ́kọ́ tí The Specials ṣe, orin ẹgbẹ́ Coventry mìíràn, The Selecter, ló wà níbẹ̀. Pauline Black tó ń lé orin fún The Selecter kì í ṣe àjèjì pátápátá sí ilẹ̀ yìí: ọmọ Nàìjíríà ni bàbá tó bí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tọkọtaya aláwọ̀ funfun ló gbà á tọ́ ní Romford, ó sì ti ròyìn bó ṣe wá orírun rẹ̀ kiri nínú ìwé ìtàn ara rẹ̀ tó jáde ní 2011.

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. The Specials kò fi orísun wọn pamọ́. Orí orin "Al Capone" ti Prince Buster, ọ̀kan lára àwọn baba ìsàlẹ̀ ska ní Kingston, ni wọ́n gbé "Gangsters", àwo kékeré wọn àkọ́kọ́, lé ní 1979. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ "A Message to You, Rudy", orin tí Dandy Livingstone ti kọ́kọ́ gbé jáde ní 1967, wọ́n wá Rico Rodriguez kàn, ẹni tó fọn fèrè trombone nínú ti Livingstone, wọ́n ní kó wá fọn ọ́ nínú tiwọn náà. Ọgbọ́n ńlá ni. Olùgbọ́ tó mọ orin àkọ́kọ́ gbọ́ èémí ọkùnrin kan náà lẹ́yìn ọdún 12.

Ìtúká àti Ìpadàpéjọ

Àwọn ohun tó tú ẹgbẹ́ náà ká kò ṣòro láti lóye. Wọ́n ti rẹ̀, wọn kò fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí Dammers ń darí orin wọn sí, ìjà sì ń bẹ́ sílẹ̀ níbi eré wọn, èyí tó dun àwọn tó ń wàásù ìrẹ́pọ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà lu Golding ní London ní 1980, ìbéèrè tó kó sí i lọ́kàn lẹ́yìn ìyà yẹn ló di orin "Why?" tó wà lẹ́yìn àwo "Ghost Town". Ní 1982 wọ́n tún gún un lọ́bẹ lọ́rùn ní Coventry níbẹ̀, ó sì kù díẹ̀ kó gbabẹ̀ kú. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú Encore gbọ́dọ̀ ní èyí lọ́kàn.

Hall, Staple àti Golding kúrò, wọ́n dá Fun Boy Three sílẹ̀. Dammers ń bá iṣẹ́ lọ lábẹ́ orúkọ The Special AKA, ó sì gbé orin tó bèèrè ìdásílẹ̀ Nelson Mandela jáde ní 1984. Panter lọ di olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ tó nílò àkànṣe ìtọ́jú. Àwọn kan nínú wọn lo orúkọ ẹgbẹ́ fún àwo ní 1996 àti 1998 láìsí Hall, láìsí Dammers. Àwọn àwo náà kò mì ìlú tìtì.

Láti 2008 ni ìpadàpéjọ gidi ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń rìn kiri ṣeré ní 2009 láti sàmì ọgbọ̀n ọdún. Dammers kò sí níbẹ̀, àríyànjiyàn sì wà lórí ìdí rẹ̀: ó ní wọ́n lé òun ni, àwọn yòókù kò gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà Staple kúrò, Byers náà kúrò. Rico Rodriguez kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, Bradbury onílù sì tẹ̀lé e ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Nígbà tí wọn yóò fi wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ fún Encore, ó ku mẹ́ta nínú méje. Nikolaj Torp Larsen tẹ dùùrù, Steve Cradock ta gìtá, Kenrick Rowe sì lu ìlù.

Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn mẹ́ta máa jẹ́ orúkọ ẹni méje? Àwọn olólùfẹ́ Dammers kò gbà, wọn kò sì jẹ̀bi, nítorí inú orí rẹ̀ ni èrò 2 Tone ti jáde. Nínú orin bíi "Vote for Me", tó ń bá àwọn òṣèlú wí, dùùrù rẹ̀ ń rìn bíi ti "Ghost Town" débi pé olùgbọ́ á máa wá ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ gbìn ín. Níbi tí Encore bá ti ń fara wé Dammers, níbẹ̀ ni àìsí rẹ̀ ti ń hàn jù. Níbi tó bá ti lọ sí ọ̀nà mìíràn ni agbára rẹ̀ wà.

Ohun tó Wà Nínú Àwo Náà

Orin mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, èyí tó ṣíwájú kì í sì í ṣe ska rárá. "Black Skin Blue Eyed Boys" ni, orin tí Eddy Grant, ọmọ bíbí Guyana, kọ fún ẹgbẹ́ The Equals ní 1970. The Equals ti kó aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun pọ̀ ní London ṣáájú The Specials. Nípa gbígbé orin wọn síwájú, àwọn mẹ́ta yìí ń júbà ẹni tó la ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí òṣèré ti í ṣe kó tó kó sí agbo. Àwọn tó ra àwo náà torí àtijó bíi ti 1979 yóò ya ẹnu, ṣùgbọ́n ìjúbà kì í sábà jọ ijó. Orin méjì mìíràn tún jẹ́ àgbàkọ: "Blam Blam Fever", orin The Valentines ti 1967 nípa ìbọn yínyìn ní Jàmáíkà, àti "The Lunatics", tí Hall àti Golding ti kọ ní 1981 nínú Fun Boy Three, nípa bí wèrè ṣe gba ilé ìtọ́jú wèrè mọ́ àwọn olùtọ́jú lọ́wọ́. Wọn kò ní láti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà kí ó tó bá 2019 mu.

Èyí tó wúwo jù nínú àwọn orin tuntun ni "B.L.M.", tí àkọlé rẹ̀ dúró fún Black Lives Matter, igbe tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2013 pé ẹ̀mí aláwọ̀ dúdú níye lórí. Golding kò kọrin níbẹ̀. Ó ń sọ ìtàn lórí ìlù ni. Ó sọ ti bàbá rẹ̀ tó kúrò ní Jàmáíkà láti wá ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ẹ̀gàn tó bá níbẹ̀. Ó sọ ti ara rẹ̀ nígbà tí òun náà dé. Ó sọ ti Amẹ́ríkà, níbi tó ṣí lọ nígbà tó dàgbà, tí wọ́n sì tún fi àwọ̀ rẹ̀ bú u. Ohùn rẹ̀ kò le, kò gbóná. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń sọ ọ́, bí àgbà tó ń ròyìn fún àwọn ọmọ ilé lálẹ́, ìyẹn ló sì mú kí ó dun ni. Ní 1981 ó béèrè ìdí tí wọ́n fi lu òun. Lẹ́yìn ọdún 38, kò béèrè mọ́. Ẹ̀rí ló ń jẹ́.

Hall náà fi ọ̀rọ̀ sísọ rọ́pò orin nínú "The Life and Times (of a Man Called Depression)". Ó ti sọ fún gbogbo ayé tẹ́lẹ̀ pé àìsàn ọpọlọ ń bá òun fínra láti ìgbà èwe. Nínú orin yìí, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn di ènìyàn tó ní orúkọ, tó ní ìtàn ìgbésí ayé, ọ̀nà èdè tí àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń pè ní ìfohunpènìyàn. Ẹni tí ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín lórí ìtàgé láti 1979, tí àwọn ènìyàn rò pé àrà ló ń dá, wá ṣàlàyé ara rẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn bẹ́ẹ̀. "Embarrassed by You" bá àwọn ọ̀dọ́ oníjàgídíjàgan wí, ó sì ń ṣe bí àgbà tó gbàgbé pé ọ̀rọ̀ irú rẹ̀ ni wọ́n ń sọ sí òun náà ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Ìlù rẹ̀ dára. Ìbáwí rẹ̀ kò jinlẹ̀.

Ìdáhùn sí Prince Buster

Orin tó sọ Encore di ohun tí kò lè jẹ́ ìrántí lásán ni "10 Commandments". Prince Buster ti kọ orin kan ní àwọn ọdún 1960 tó pè ní "Ten Commandments". Nínú rẹ̀, ọkùnrin sọ ara rẹ̀ di Mósè, ó ń ka òfin mẹ́wàá sí obìnrin létí: kí ó jẹ́ tòun nìkan, kí ó má yẹ àpò òun wò, kí ó má da òun láàmú. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n pè é nígbà náà, wọ́n sì ń jó sí i.

Prince Buster yìí kan náà ni ẹni tí The Specials fi orin rẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ "Gangsters". Òun ló bí wọn nínú ska. Bí ẹgbẹ́ náà bá tilẹ̀ fẹ́ dákẹ́ lórí orin yẹn, kò sí ẹni tí yóò bi wọ́n léèrè, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé Prince Buster ti kú ní 2016. Dípò kí wọ́n dákẹ́, wọ́n ké sí Saffiyah Khan. Ọ̀dọ́bìnrin ará Birmingham ni, kì í ṣe olórin. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, àwọn ẹgbẹ́ tó kórìíra Mùsùlùmí ń wọ́de ní ìlú rẹ̀. Wọ́n yí obìnrin kan po, Khan sì bọ́ síwájú láti gbè é. Ẹnìkan ya àwòrán rẹ̀ bó ti kọ ojú sí ọ̀kan nínú àwọn olùwọ́de náà, ọwọ́ rẹ̀ wà lápò, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwòrán yẹn yí ayé ká.

Nínú "10 Commandments", Khan mú ìlànà Prince Buster bó ṣe wà, ó fi dá a lóhùn. Ó ka òfin, ó pe nọ́ńbà wọn, ó lo èdè Bíbélì àtijọ́ bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó dojú wọn dé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí pé òun kò ní gba àṣẹ lẹ́nu Prince Buster. Ó sọ pé kì í ṣe aṣọ tí obìnrin wọ̀ ló fa ìwà ìkà tí wọ́n hù sí i. Ìlù abẹ́ rẹ̀ jẹ́ reggae tó falẹ̀, tó kún fún ìró tó ń padà bí gbohùngbohùn inú ihò àpáta. Ọ̀rọ̀ ni ó gba iwájú, orin wà lẹ́yìn.

Ohun mẹ́ta ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ìdáhùn náà kò ní adùn kankan fún ẹni tí kò mọ orin àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí iṣẹ́ ọnà kan ṣe ń bá òmíràn jiyàn, orin méjèèjì ni kó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ tẹ̀léra, kí wọ́n sì fúnra wọn wá ibi tí ìgbékalẹ̀ ti dọ́gba àti ibi tí ìtumọ̀ ti yàtọ̀. Èkejì ni pé kì í ṣe Prince Buster nìkan ni ìbáwí náà kàn. Nínú àwo ńlá àkọ́kọ́ The Specials ní 1979, orin kan wà tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ èébú sí obìnrin, òmíràn, "Too Much Too Young", sì ń fi ọ̀dọ́mọbìnrin tó tètè bímọ ṣẹ̀sín. Èyí yìí gan-an ló kọ́kọ́ gbé wọn dé ipò kìíní ní 1980. Àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú kò tíì rí ti obìnrin nígbà náà. Ẹ̀kẹta ni pé àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà kò sọ ọ̀rọ̀ yìí fúnra wọn. Àwọn kan lè ní ṣe ni wọ́n sá sẹ́yìn obìnrin. Ṣùgbọ́n bí Hall bá ti kọ ọ́, ìwàásù ni ì bá dà. Nígbà tí wọ́n yẹra kúrò nídìí gbohùngbohùn fún ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà "Ghost Town", wọ́n ṣe ohun tí òfin Prince Buster kò gbà láàyè, èyí ni kí obìnrin sọ̀rọ̀, kí ọkùnrin gbọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ohun tó Tẹ̀lé e

Encore bọ́ sí ipò kìíní lórí àtẹ àwo ńlá ní Ìlú Ọba ní oṣù tó jáde. Àwo kékeré wọn méjì ti dé ipò náà rí ní 1980 àti 1981, ṣùgbọ́n kò sí àwo ńlá wọn kankan tó débẹ̀ ní ìgbà èwe wọn. Ní 2021 wọ́n tún gbé Protest Songs 1924–2012 jáde, àkójọ orin àtakò tí àwọn ẹlòmíràn kọ. Terry Hall kú ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kejìlá ọdún 2022, ẹni ọdún 63. Nítorí náà, nínú gbogbo orin tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ fúnra wọn, èyí tó gbẹ̀yìn lórí àwo ni orin kẹwàá nínú Encore, orin ìdákẹ́jẹ́ tí Hall fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ, tí wọ́n pè ní "We Sell Hope".